Èjí Tó Bọ́ Sórí Yìnyín

Bí wọ́n bá bi ìyá mi léèrè ní Odigbo pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe lókè òkun, ohun kan náà ló máa ń wí: "Orí yìnyín ló wà." Ẹni tó bá gbọ́ á ní ṣé ó ń ta yìnyín ni? Yìnyín tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fọ́ sínú páànù ní oríta Ọ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ń mú kí ohun mímu tutù fún èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní. Ìyá mi kì í bá wọn jiyàn. Ó ní òun náà kò mọ bí èèyàn ṣe ń jẹun lórí yìnyín, ṣùgbọ́n ọmọ òun ń jẹun.

Họ́kì orí yìnyín ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Kí n sọ ọ́ wéré, kí n má baà dá yín lágara: èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà ní apá kọ̀ọ̀kan, bàtà tó ní irin bí ọ̀bẹ lábẹ́, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Wọ́n á máa lé rọ́bà dúdú pẹrẹsẹ kan kiri lórí omi tó ti dì, kí wọ́n lè gbá a sínú àwọ̀n apá kejì. Eré ni lójú ẹni tó sanwó wá wò ó. Lójú tèmi, iṣẹ́ ni, ó sì le ju oko kòkó lọ. Mo mọ oko kòkó, nítorí náà mo lè sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo kúrò nílé. Bàbá mi ti kú. Igi ló wó lù ú nínú igbó níbi tó ti ń bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, Bọ̀dá Akin, ló mú mi lọ. Ìjọba ló kọ́kọ́ rán an lọ sí Kánádà láti kọ́ nípa ìtọ́jú igbó, ó wá rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ní ìlú kékeré kan tí igi pọ̀ ju èèyàn lọ. Ó wálé, ó ní kí ìyá mi jẹ́ kí òun mú mi lọ sí ilé ìwé lọ́hùn-ún. Ìyá mi kò sunkún lójú mi. Ó fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú mi méjèèjì tó wà lókè kò tíì pẹ́ tí wọ́n hù, èjí sì wà láàárín wọn bó ṣe wà lẹ́nu tirẹ̀, àti lẹ́nu ìyá tó bí i.

"Bí wọ́n bá mú ẹnì kan wá fún mi lọ́jọ́ kan pé òun lọmọ mi," ó ní, "màá ní kó rẹ́rìn-ín. Bí mi ò bá rí èjí, màá ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, mo gbà á bí òfin, mo sì gbé e dání lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù lọ́hùn-ún kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi títí ó fi sú mi. Omi ni. Adágún kan wà lẹ́yìn ilé tí à ń gbé. Nígbà tó yá, ó le bí sìmẹ́ńtì, àwọn ọmọ ìlú sì ń sáré lórí rẹ̀. Nílé wa, odò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gùn. Bọ̀dá Akin ní kí n bọ́ sí i, mo kọ̀. Ó ní kí n wo òun, ó rọra rìn lọ sáàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó gbì. Ẹ̀rín pa mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo lọ fà á dìde. Ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni mo tó rí i pé èmi náà ti wà lórí omi.

Aládùúgbò wa kan fún mi ní bàtà onírin tó ti há ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ṣubú títí ara mi fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Kò sí ọmọ dúdú mìíràn ní ìlú náà. Ní kíláàsì, wọ́n máa ń fọwọ́ kan irun mi láì tọrọ àyè, tíṣà náà a máa pariwo bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé etí ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n lórí yìnyín, tí a bá ti dé akoto, tí a wọ ìbọ̀wọ́, ẹni tó bá yára ni wọ́n ń wò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, kò sí ìdí mìíràn.

Mo yára, àmọ́ ọwọ́ mi kò mọ rọ́bà gbá. Ara líle ni Ọlọ́run fún mi. Ní ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nílé, ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó gbà mí, kóòṣì wọn sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọkùnrin kékeré kan hàn mí tó ń jẹ́ Dẹ́nísì. Ó ní Dẹ́nísì ló ń gbá góòlù wọlé fún wa, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan Dẹ́nísì kábàámọ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kì í yan èyí tí yóò ṣe.

Ẹ má rò pé irọ́ ni mò ń pa o. Nínú eré yìí, ọkùnrin méjì lè bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa lu ara wọn, rẹfirí á dúró tì wọ́n, á máa wò wọ́n títí ọ̀kan á fi ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ti àwọn méjèèjì mọ́ inú àgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á jókòó bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ, tí àkókò bá pé wọ́n á jáde padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tiẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. O ò gbọdọ̀ lu ẹni tí kò bá tíì gbà láti jà. O ò gbọdọ̀ lu ẹni tó ti ṣubú. Àwọn tí mo bá jà, mo ti bá púpọ̀ nínú wọn jẹun pọ̀.

Lọ́jọ́ ìjà mi àkọ́kọ́, Bọ̀dá Akin wà láàárín àwọn òǹwòran. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ètè mi tó wú, ó ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí ogun abẹ́lé fi sí wa lẹ́nu nìyẹn nígbà tó gba oríta wa kọjá. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má sọ fún ìyá mi, pé òun kò mú mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè di oníjà. Nítorí náà, eré ni a sọ fún un pé mò ń ṣe.

Àwọn ìlú kan wà tí wọ́n ń dún bí ọ̀bọ bí mo bá ti jáde. Ó dùn mí. Mi ò ní sọ fún yín pé kò dùn mí. Ìgbà kan, Dẹ́nísì fi eré sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kékeré yẹn, ó ń nawọ́ sí wọn, ó ń bú wọn lédè rẹ̀. Èmi ni mo ní láti lọ gbé e kúrò níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i ju gbogbo ìyókù lọ.

Bọ́ọ̀sì ni à ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwọn yòókù á máa ta káàdì, èmi á máa wo ìta, òjò dídì funfun láti ìhín dé ọ̀hún. Mo máa ń ronú nípa púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa. Mo máa ń ro bí ìyá mi ṣe ń fọwọ́ ṣù ú ní roboto, tó ń tò ó sórí àjà lókè iná, tí èéfín ń ta á lójú tó sì ń bú èéfín náà. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn dáko lórí ilẹ̀ wa, lápá Araromi-Obu. Ọ̀kan nínú wọn, baba arúgbó kan, kì í sọ̀rọ̀ kó má ní "tí mo bá délé." Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Àwa ọmọdé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni ọ̀rọ̀ baba náà ti yé mi. Ọ̀nà ti jìn kí ó tó yé mi.

Oníṣòwò gẹdú kan ní Ọ̀rẹ̀ ní tẹlifóònù sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyá mi á wọkọ̀ láti Odigbo, á jókòó síbẹ̀ títí ìpè mi á fi wọlé, bó bá máa wọlé. Ìkálẹ̀ la fi ń sọ̀rọ̀. Tèmi kò dàgbà mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ohùn ọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àwọn akọ̀wé inú ọ́fíìsì máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ìyẹn ni òun fi ń mọ̀ pé èmi ni.

Ìgbà tí owó epo gbòde ni. Ó máa ń ròyìn fún mi: títì tuntun, ilé epo, ọkọ̀ ńláńlá tó ń dúró ní oríta tọ̀sán-tòru, sìmẹ́ńtì níbi gbogbo. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti fi oko sílẹ̀, wọ́n ti ra mọ́tò. Òyìnbó pàápàá ń wá iṣẹ́ wá. "Gbogbo ayé ló ń wọ Nàìjíríà," ó sọ fún mi nígbà kan, "ìwọ nìkan lo ṣì wà lórí yìnyín." Mo sọ fún un pé mo gbá góòlù kan wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni; ìdí mi ni rọ́bà náà kọ lù kó tó wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n kà á fún mi. Ó ní ó dáa, ṣé mo ti jẹun?

Bí mo bá ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa fi ń kádìí rẹ̀: ṣé mò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Mo máa ń dáhùn pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo Kérésìmesì, mo máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ tí èjí mi hàn gbangba nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ eyín dé. Ọkùnrin gíga kan há Dẹ́nísì mọ́ ara pákó tó yí pápá ká, ó ń fi ìgúnpá gún un. Mo lọ bá a. Mi ò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ mi tán tí ìdí ọ̀pá rẹ̀ fi dé ẹnu mi. Mo rí ohun kékeré méjì lórí yìnyín, funfun lórí funfun, ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí n rí wọn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo gbójú sókè, mo ń wo ara ògiri. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Aláǹgbá ni mò ń wá. Nílé wa, tí eyín ọmọdé bá yọ, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ iye ọdún tó jẹ́, á ju eyín náà sórí òrùlé pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà á máa fọwọ́ bo ẹnu kiri, nítorí bí aláǹgbá bá rí ihò náà, eyín kò ní hù mọ́. Nínú ilé tó tutù tó bẹ́ẹ̀, níbo ni aláǹgbá ti fẹ́ wá? Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti bo ẹnu kí n tó ronú.

Dẹ́nísì ló fi orúnkún wọ́ lọ ṣa eyín mi sínú ife, ó gbé e wá fún mi. Mo bọ́ síta pẹ̀lú rẹ̀. Mo wo òrùlé gbọ̀ngàn eré náà. Òjò dídì ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá jù ú síbẹ̀, tí yìnyín bá yọ́, á bá omi ṣàn lọ, ọkọ̀ á sì tẹ̀ ẹ́. Mo dì wọ́n sínú aṣọ ìnujú, mo kó wọn sápò.

Oníṣègùn eyín ṣe eyín àtọwọ́dá fún mi. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó fi dígí hàn mí, ó ní òun ti bá mi tún àbùkù àárín yẹn ṣe, òun kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Mo wo dígí. Eyín tó wà níbẹ̀ tò gún régé bí búlọ́ọ̀kù, kò sí èjí. Mo ní kó bá mi dá àlàfo mi padà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹwà ni lọ́dọ̀ wa, pé àwọn tí Ọlọ́run kò fún a tiẹ̀ máa lọ pa á. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní òun kò lè ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Kóòṣì náà ní kí n jẹ́ ká máa lọ, a ní eré. Báyìí ni mo ṣe gbé ẹnu ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnu pípadé ni mo ń fi ya fọ́tò. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa fura. Ta ni mò ń tàn? Nígbà tí fọ́tò náà dé ọwọ́ ìyá mi tí mo tún pè é, kò tiẹ̀ bi mí nípa oúnjẹ.

"Ta ló pa ẹnu rẹ dé?" ó ní.

Mo ní òtútù ni. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń la gẹdú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi ni mo fún Akin mú lọ. Ẹ má fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí mi o." Àwàdà àtijọ́ yẹn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí mo bá délé tí kò mọ̀ mí, níbo ni mo tún kù sí? Àwọn tí mò ń gbé láàárín wọn kò gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti wá. Nígbà tí eré ọdún yẹn parí, mo lọ sílé.

Oríta Ọ̀rẹ̀ tí mo bọ́ sí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Títì ti fẹ̀, ilé epo kọjú síra wọn, èrò ń jáde nínú ọkọ̀ bí eèrùn. Ìyá mi dúró lẹ́bàá òpó ilé epo kan, ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ra. Ó kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré. Ó gbé mi dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká mi, ó wo ojú mi pẹ́.

"Rẹ́rìn-ín," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo eyín búlọ́ọ̀kù yẹn hàn síta. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ kú ìrìn."

Ìyá mi ló ń kí mi bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń kí tíṣà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú. Ọ̀pá tó yọ eyín mi kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò wo ẹni tó wà lọ́tùn-ún tàbí lósì. Mo ki ìka bọ ẹnu, mo yọ eyín òyìnbó náà, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Màmá, ẹ wò ó. Èyí tí mo gbé lọ ti yọ. Ìjà ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi níbẹ̀."

Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè bíi ti àtijọ́, ó yọjú wo inú ẹnu mi. Ó wò ó tinú-tòde.

"Ẹni tó yọ ọ́ ńkọ́," ó ní, "ṣé ìwọ náà yọ tirẹ̀?"

"Mo yọ ọ́, màmá. Nígbà tí a tún pàdé."

"Ó dáa."

Ìyá ìjọ ni ìyá mi o. Ó tún wo ihò náà, ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé epo mú, èjí tirẹ̀ sì hàn gbangba láàárín ẹ̀rín náà. Ó ní bí mo ṣe rí gan-an nìyí lọ́dún tí eyín ọmọdé mi yọ, kí èjí tó hù. Ó ní, "Mo mọ eléyìí. Kí ni mo ń wá èjí fún? Mo ti mọ̀ ọ́n kí èjí tó dé." Ìgbà yẹn ni omi wá bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bọ́ lójú èmi náà, níwájú àwọn dẹ́rẹ́bà àti gbogbo èrò Bìní.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣe é títí orúnkún mi fi kọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń tún ojú yìnyín ṣe ni mò ń wà fún wọn, iṣẹ́ tí kì í yọ èèyàn léyín. Eyín òyìnbó yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ kan, n kì í wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wálé yẹn, bí a ṣe kúrò ní oríta tí a dé ilé, ìyá mi kò tíì tú ẹrù mi tó fi ní, "Eyín tó yọ náà dà?"

Mo tú aṣọ ìnujú tí mo dì wọ́n sí. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní kí n ṣa òkúta. Mo ní iye ọdún mi ti pọ̀ jù. Ó ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, Ọlọ́run á kà á. Mo ní, màmá, kò lè hù mọ́.

"Ta ló ní kó hù?" ó ní. "Orí òrùlé yìí ni ìyókù eyín rẹ wà. Jù ú."

Mo jù ú. Ó dún gbá lórí páànù, òkúta yí wálẹ̀, eyín dúró sókè. Aláǹgbá olórí pupa kan wà lára ògiri, ó ń wò wá. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ẹnu. Ìyá mi gbá ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Jẹ́ kó wò ó," ó ní.

Mo la ẹnu mi sílẹ̀ gbàgà, aláǹgbá náà sì wò ó.